Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí bu ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn kù kó lè ta tirẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàlámù àláékúmù, Àfáà wa. Iṣẹ́ títa ọkọ̀ ojú omi ni mò ń ṣe, irú ọkọ̀ ski tí wọ́n fi ń fa ẹni tó dúró lórí pákó sáré lójú omi. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo là ń bá tajà, àwọn mìíràn sì wà tó ń ṣe irú rẹ̀. Ọ̀gá wa ti kọ́ wa ní ohun tí a ó máa wí bí oníbàárà bá ti dárúkọ wọn: pé pákó ló wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ wọn, yóò sì jẹrà, pé ìgbì tí ọkọ̀ wọn ń fà sẹ́yìn ga jù, pé ilé-iṣẹ́ náà kò ní pẹ́ kógbá sílé. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì ra tiwa. Ní báyìí, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ènìyàn, pé kò sí ọ̀rọ̀-ẹ̀yìn níbẹ̀, àwọn tó ni ín kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí. Kí ni ẹ̀sìn sọ sí i? Owó tí mo gbà lórí àwọn ọkọ̀ tí mo tà ńkọ́?

Ìdáhùn: Wàáláékúmù sàlámù, ọmọ mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ gbà á. Kí n tó dáhùn, mo kọ́kọ́ béèrè nípa àwọn ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n, nítorí a kì í dá ẹjọ́ ohun tí a kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Wọ́n bi Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nípa ọ̀rọ̀-ẹ̀yìn, ó ní: kí o dárúkọ ọmọ ìyá rẹ pẹ̀lú ohun tí ó kórìíra. Wọ́n ní: bí ohun tí mo sọ bá wà lára rẹ̀ ńkọ́? Ó ní bí ó bá wà lára rẹ̀, o ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nìyẹn. Bí kò bá sí, o ti pa irọ́ mọ́ ọn. Imáàmù Muslim ló gba àdíìsì náà wá. Mo gbà pé ènìyàn ni àdíìsì yìí ń sọ nípa rẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni irọ́ rẹ kọ́kọ́ bà? Oníbàárà tó jókòó níwájú rẹ ni, tó fẹ́ kó owó ńlá sílẹ̀, tó sì gbà pé o mọ̀ ju òun lọ. Ní ti pé wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, Ọlọ́hun ti sọ ọ́ nínú Súúrà Al-Máídà, áàyà 8, pé kí ìkórìíra àwọn ènìyàn kan má ṣe sún wa débi tí a kò fi ní ṣe déédéé. Bí ìkórìíra kò bá lè jẹ́ àwáwí fún àìṣòdodo, èrè orí ọjà kò lè jẹ́ àwáwí.

Áàyà tí mo fẹ́ kí o mú dání lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí Ànábì Ṣuáíbù sọ fún àwọn ará Mádíyánà. Ìgbà mẹ́ta ni gbólóhùn náà wá nínú Al-Kùránì Alápọ̀nlé, nínú Súúrà Al-Aráfù, Húdù àti Aṣ-Ṣuaráù: "Ẹ má ṣe dín nǹkan àwọn ènìyàn kù." Ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n la sábà máa ń fi wáàsí nígbà tí a bá kà á, a sì máa ń sáré kọjá gbólóhùn yìí bí ẹni pé ohun kan náà ni. Al-Qurtubi, nígbà tó ń túmọ̀ rẹ̀, sọ pé dídín ọjà kù lè jẹ́ nípa títọ́ka àbùkù sí i àti mímú kí ojú ènìyàn kúrò lára rẹ̀. Wo bó ṣe ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ohun tí ọ̀gá rẹ kọ́ yín. Ọkọ̀ ẹni kejì wà níbẹ̀, ó ní iye tó tọ́ sí i lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹnu ni ẹ fi gé lára iye yẹn, bí alágbàtà ìgbàanì ṣe ń gé lára òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á wá yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, nítorí wọn kò rí bákan náà.

Ti pákó ló nira jù, torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń fi pákó ṣe àwọn igi gígùn tó gbé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dúró, wọ́n á fi fáíbà bò ó. Omi a máa rí ojú ihò kékeré gbà wọlé, pákó a sì máa jẹrà nínú láìhàn sóde. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti fi pákó sílẹ̀ tipẹ́. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ń wo ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti lò, tí o sì mọ̀ pé pákó ló wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí o sọ fún un kó yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa. Ìmọ̀ràn rere nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkọ̀ tuntun ló ń wò, tí o wá mú àbùkù ọjọ́ pípẹ́ wá lẹ̀ mọ́ ọn, irọ́ lo pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn rẹ ni o lè fi ẹ̀rí gbè. Tún bi ara rẹ léèrè: ṣé ọkọ̀ tiyín ti àkókò náà kò ní pákó? Bó bá ní, tí o kò sì dárúkọ rẹ̀, ìdájì òótọ́ lo tà, òdìkejì rẹ̀ lo fi pamọ́. Irú èyí ló ń dẹkùn mú àwọn olùfọkànsìn, torí ahọ́n wọn kò tíì sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ti ìgbì fara jọ ọ́. Ẹni tó ń ṣe eré slalom lẹ́yìn ọkọ̀ máa ń rọ́ gba ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ yí àmì mẹ́fà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jìnnà sí àárín ọ̀nà ní mítà 11.5, ní eré tó tó kìlómítà 58 láàárín wákàtí kan fún àwọn ọkùnrin. Okùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 18.25, wọ́n á sì máa gé e kúrú bó bá ti ń yege. Nígbà tí okùn bá dé mítà 11.25, okùn nìkan kò tó débi àmì mọ́. Ara ẹni náà ni yóò nà dé ibẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìgbì tó rẹlẹ̀ ni ó fẹ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì sí àárín ọkọ̀. Ẹlòmíràn wà tó fẹ́ fò lórí ìgbì. Fún tirẹ̀, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, wọ́n á sì pọn omi sínú àwọn àgbá inú ọkọ̀ kí ó lè wúwo, kí ìgbì lè ga. Ẹni tó bá wo ọkọ̀ kejì tó ní "ìgbì rẹ̀ ga jù" ti fi ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é sọ ọ́ di aláìdára. Bi oníbàárà léèrè ohun tó fẹ́ ṣe lórí omi. Bó bá jẹ́ fífò ló fẹ́, ọkọ̀ tó ń fa ìgbì gíga ni yóò bá a mu, yálà tiyín ni tàbí ti ẹlòmíràn.

Ti ilé-iṣẹ́ tí yóò kógbá sílé, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Súúrà Lùkúmáánù pé ẹ̀mí kan kò mọ ohun tí yóò ṣe ní ọ̀la. Ó tún sọ nínú Súúrà Al-Isráù, áàyà 36, pé kí a má ṣe tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Kò yẹ kí ó tún ti ẹnu rẹ jáde mọ́.

Má ṣe rò pé mo ní kí o máa dákẹ́ bí oníbàárà bá béèrè. Fátímà ọmọ Qays wá bá Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó ní Muáwíyà àti Abú Jahm ti wá tọrọ òun. Ojíṣẹ́ sọ òótọ́ fún un: Abú Jahm kì í sọ ọ̀pá kalẹ̀ lórí èjìká rẹ̀ (ìyẹn ni pé ó máa ń na obìnrin), Muáwíyà kò sì lówó lọ́wọ́, fẹ́ Usámà. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú un pé ẹni tí a bá béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ lè sọ àbùkù tó mọ̀. Ṣàkíyèsí pé ó kúrú, ó ṣe pàtó, ó sì kan ohun tí obìnrin náà béèrè. Ìwọ ní ìpín nínú ọkọ̀ tí yóò rà, o sì gbọ́dọ̀ le sí ara rẹ ju bí o ṣe máa le sí ẹni tí kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Bí o kò bá tíì wa ọkọ̀ wọn rí, sọ bẹ́ẹ̀. Ní kó lọ gun tiwọn, kó wá gun tiyín.

Ohun kan wà tí o kò béèrè. Bó bá ti bá ẹlòmíràn dúnàádúrà tán, tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan, má ṣe bu ọjà náà kù fún un kó lè padà lẹ́yìn rẹ̀. Ojíṣẹ́ ti kọ̀ kí ẹnìkan tajà lé orí ọjà ẹlòmíràn.

Ní ti owó rẹ: bí ọkọ̀ tí o tà bá rí bí o ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ohun tí ó hàn sí mi ni pé ọjà náà dúró, owó iṣẹ́ rẹ jẹ́ tìrẹ, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ sì wà lórí ahọ́n. Ṣùgbọ́n Hakím ọmọ Hizám gbọ́ ọ lẹ́nu Ojíṣẹ́ pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òótọ́, tí wọ́n ṣe àlàyé, àlùbáríkà yóò wà nínú ọjà wọn; bí wọ́n bá fi pamọ́ tí wọ́n pa irọ́, wọ́n á nu àlùbáríkà rẹ̀ nù. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, yọ nínú rẹ̀ ṣe sàárà. Bó bá sì jẹ́ pé o purọ́ lórí ọkọ̀ tiyín fúnra rẹ̀, ẹni tó rà á ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ, lọ sọ fún un.

Túúbá rẹ kò pé pẹ̀lú ẹnu nìkan. Nínú Súúrà Al-Bàkárà, áàyà 160, Ọlọ́hun mẹ́nu kan àwọn tó ronú pìwà dà, tí wọ́n ṣe àtúnṣe, tí wọ́n sì ṣàlàyé. Àwọn tí o bá rántí lára àwọn oníbàárà yẹn, pè wọ́n, sọ fún wọn pé ohun tí o sọ nípa ọkọ̀ tuntun ilé-iṣẹ́ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò ni ọ́ lára, mo mọ̀. Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, níkọ̀kọ̀, kí o sì fi ohun tí o ti mọ̀ nípa ọkọ̀ tirẹ̀ hàn án: ẹni tó mọ ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣe lórí omi ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ láì dárúkọ ẹnìkejì. Bó bá kọ̀, tó ní o gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn nígbà tí o ṣì wà níbẹ̀, kí o sì pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà títí o fi máa rí i. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù.