Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Odi Hadrian àti Yàrà Rẹ̀

Lẹ́tà púpọ̀ ló dé sọ́wọ́ wa lórí odi tí Olú-ọba Hadrian ti Róòmù ní kí wọ́n mọ la erékùṣù Brítéènì já. A ti pa àwọn tó jọra pọ̀. Ìdáhùn wọn nìyí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ṣé lóòótọ́ ni pé odi Hadrian ni ààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tíláńdì? Báwo ló sì ṣe gùn tó? Oríṣiríṣi iye ni mo ń rí kà.

Rárá, òun kọ́ ni ààlà. Inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo odi náà wà. Ní ìhà ìlà oòrùn, ààlà òde òní fi ju kìlómítà 90 lọ jìnnà sí i. Ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ti sún mọ́ra, tó fi jẹ́ pé omi Solway nìkan ló là wọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 122 lẹ́yìn ìbí Krístì, kò tíì sí ilẹ̀ kankan tó ń jẹ́ orúkọ méjèèjì yìí.

Ní ti gígùn, máìlì oríṣi méjì ló ń da àwọn òǹkàwé láàmú. Máìlì àwọn ará Róòmù tó nǹkan bí mítà 1,480, ó kúrú ju ti òde òní lọ. Bí a bá fi tiwọn wọ̀n ọ́n, odi náà jẹ́ máìlì 80. Bí a bá fi ti òde òní wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 73, ìyẹn kìlómítà 117, láti Wallsend létí odò Tyne títí dé Bowness létí Solway.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe mọ odi náà gan-an? Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí ni wọ́n lò, kí ló sì máa ń bà á jẹ́?

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá mẹ́ta tó wà ní Brítéènì nígbà náà ló ṣe é: legio II Augusta láti Caerleon, legio VI Victrix láti York, àti legio XX Valeria Victrix láti Chester. Àwọn ọmọ ogun yìí ní awọnlẹ̀, agbẹ́kùúta, káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ láàárín ara wọn. Gómìnà Aulus Platorius Nepos ló wà lórí iṣẹ́ náà. Orúkọ rẹ̀ àti ti Hadrian wà lára òkúta kan tí wọ́n rí ní ilé bodè kejìdínlógójì.

Ìlà ni wọ́n kọ́kọ́ fà. Ní máìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ́ ilé bodè kan tó ní ẹnu ọ̀nà sí àríwá àti sí gúúsù. Láàárín ilé bodè méjì, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ méjì. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ibi kan lórí odi tó fi ju nǹkan bí mítà 250 lọ jìnnà sí ọmọ ogun tó ń ṣọ́nà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ilé yìí ni wọ́n kọ́ ṣáájú odi, wọ́n sì yọ apá kúkúrú síta lára wọn kí odi lè wá so mọ́ ọn. Ẹ fi apá yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Fún odi fúnra rẹ̀, wọ́n á wa ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ sínú amọ̀ fún ìpìlẹ̀. Wọ́n á wá mọ ojú méjì, ọ̀kan kọjú sí àríwá, èkejì sí gúúsù. Òkúta yanrìn ni wọ́n ń lò, tí wọ́n gbẹ́ ní igun mẹ́rin níwájú, ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín kó lè wọ inú odi dáadáa. Bí ojú méjèèjì bá ti ga díẹ̀, wọ́n á fi àfọ́kù òkúta àti amọ̀ dí àárín, tàbí kí wọ́n lo ẹfun sísun tí wọ́n pò mọ́ yanrìn, kí wọ́n tó tún gòkè sí i. Bede, àlùfáà tó gbé ní Jarrow ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹjọ, kọ ọ́ pé odi náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12 ó sì fẹ̀ ní 8 nígbà ayé òun. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó ṣì wà ní pípé.

Ní ìwọ̀ oòrùn odò Irthing, ilẹ̀ oníkoríko ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọ́n, ó sì fẹ̀ ní nǹkan bí mítà 6 nísàlẹ̀. Òkúta ẹfun tí wọ́n lè sun ṣọ̀wọ́n lápá ibẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ìdí tí àwọn onímọ̀ ń mú wá nìyẹn. Vegetius, òǹkọ̀wé Róòmù kan lórí ọ̀rọ̀ ogun, sọ pé kí ègé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kó sì nípọn tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Gbòǹgbò koríko ló ń so iyẹ̀pẹ̀ náà pọ̀. Bí gbòǹgbò kò bá pọ̀ nínú rẹ̀, ègé náà á tú mọ́ni lọ́wọ́ kó tó dé orí odi.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni omi. Bí òjò bá ráyè wọ odi tí amọ̀ kún inú rẹ̀, amọ̀ á rọ̀. Nígbà òtútù, omi yẹn á di yìnyín, yìnyín á wú, á sì máa ti òkúta ojú odi síta lọ́dọọdún títí tí yóò fi ya lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹfun funfun líle ni wọ́n lò nígbà àtúnṣe ńlá ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta, ní àkókò Olú-ọba Septimius Severus. Wàhálà kejì ni pé odi tó dábùú àfonífojì ń sé omi mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè gbà á kọjá. Bí pàǹtírí bá dí ihò náà tí ẹnikẹ́ni kò kó o, omi á gbára jọ sẹ́yìn odi, á sì jẹ ìdí rẹ̀.

Nínú àwòrán, mo rí ibi tí odi náà ti tín-ín-rín lórí ìpìlẹ̀ tó fẹ̀. Ṣé àṣìṣe ni?

Kì í ṣe àṣìṣe o. Nínú gbogbo lẹ́tà tó dé, ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ wa jù, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn odi náà fara pamọ́ sí. Wọ́n ń yí ètò padà bí iṣẹ́ ti ń lọ ni. Ẹni tó bá rò pé olú-ọba fa ètò kan kalẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀, kò tíì wo òkúta ibẹ̀ dáadáa.

Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí odi olókùúta fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà Róòmù 10, ìyẹn nǹkan bí mítà 3. Àwọn tó ń tẹ́ ìpìlẹ̀ ti lọ jìnnà níwájú, àwọn tó ń kọ́ ilé ìṣọ́ náà ti yọ apá tó bá ìwọ̀n yẹn mu, kí àṣẹ tó dé pé kí wọ́n dín in kù sí ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń mọ odi bọ̀ wá gbé èyí tó tín-ín-rín ka ìpìlẹ̀ tó fẹ̀. Ẹ lè rí i ní Planetrees, níbi tí odi gbígbòòrò àti tóóró ti pàdé. Ní ilé ìṣọ́ Brunton, odi gbígbòòrò ló so mọ́ ọn lápá ìwọ̀ oòrùn, tóóró ló so mọ́ ọn lápá ìlà oòrùn. Láti Newcastle dé Wallsend, tóóró ni gbogbo rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, a sì fi ìyẹn mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi apá yẹn kún un.

Ìyípadà tó tóbi jù ni ti ibùdó ológun. Nínú ètò àkọ́kọ́, ẹ̀yìn odi lápá gúúsù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun yóò máa gbé, ní àwọn ibùdó àtijọ́ bíi Vindolanda. Bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, wọ́n ní láti rìn dé odi kí wọ́n tó gba ẹnu ilé bodè tóóró jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò, ni wọ́n bá kó ibùdó wá sórí odi fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ní Housesteads, ìpìlẹ̀ ilé ìṣọ́ 36b wà nínú ibùdó, wọ́n wó o láti fi àyè sílẹ̀. Ní Chesters, wọ́n dí yàrà, wọ́n wó ilé ìṣọ́ 27a, wọ́n sì kọ́ ibùdó àwọn ẹlẹ́ṣin dábùú orí méjèèjì, tó fi jẹ́ pé mẹ́ta nínú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ńlá ṣí sí àríwá odi. Odi ilẹ̀ oníkoríko náà, òkúta ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Kí ni Vallum? Ṣé òun náà ni yàrà odi?

Yàrà méjì ni wọ́n wa, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Ti àkọ́kọ́ wà ní iwájú odi lápá àríwá. Ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ó fẹ̀ ní nǹkan bí mítà 8 sí 9, ó sì jìn ní nǹkan bí mítà 3. Wọn kò wa á níbi tí òkè gàgàrà ti ń ṣe iṣẹ́ yàrà.

Vallum ni èyí tó wà lẹ́yìn odi lápá gúúsù. Ìdí tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fẹ̀ ní nǹkan bí mítà 6, ó jìn ní mítà 3, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fi nǹkan bí mítà 9 jìnnà sí etí rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 36. Ó ń yà fún àwọn ibùdó ológun, nítorí náà wọ́n ti pinnu ibùdó kí wọ́n tó wa á. Ojú ibùdó nìkan ni èèyàn lè gbà sọdá rẹ̀, bí a ṣe ń rí i ní Benwell títí di òní. Lójú tiwa, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yà ilẹ̀ ológun sọ́tọ̀, kí ará ìlú, ẹran ọ̀sìn àti olè má baà dé ẹ̀yìn odi.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kà á sí tó: ní Limestone Corner, òkúta líle dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n pa yàrà àríwá tì láìparí, àpáta ńlá ṣì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ihò tí wọ́n dá sí i láti fi là á. Ṣùgbọ́n Vallum, wọ́n gbẹ́ ẹ já inú òkúta kan náà níbẹ̀.

Ṣé àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára àwọn tó ṣọ́ odi yìí?

Wọ́n wà níbẹ̀. Ní Burgh by Sands, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní numerus Maurorum Aurelianorum ló ń gbé ibùdó ní ọ̀rúndún kẹta. Òkúta tó jẹ́rìí sí i jáde ní abúlé Beaumont nítòsí, àkókò rẹ̀ sì bọ́ sí àárín 253 àti 258. Àwọn ará Mauretania ni wọ́n, ìyẹn apá ibi tí Mòrókò àti Àlgéríà wà lónìí. Ní South Shields, òkúta ibojì kan wà fún Victor, ọmọ ogún ọdún, ọmọ ilẹ̀ Mauretania, tí ẹlẹ́ṣin kan tó ń jẹ́ Numerianus dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Septimius Severus tí a dárúkọ lókè, Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíà òde òní ni wọ́n bí i sí. York ló kú sí lọ́dún 211.

Àwọn mìíràn wá láti Síríà, Sípéènì, Dacia (apá ibi tí Ròmáníà wà lónìí), àti ilẹ̀ odò Tigris. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: orúkọ ẹgbẹ́ máa ń dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń gba ọmọ ogun tuntun láti ìtòsí, nítorí náà orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Òkúta ibojì tó dárúkọ ilẹ̀ ẹni ni ẹ̀rí tó dájú jù.

Mo gbọ́ pé odi kejì wà ní Skọ́tíláńdì. Kí ló dé tí wọ́n fi mọ òmíràn?

Hadrian kú lọ́dún 138. Antoninus Pius tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ tún sún ààlà sí àríwá. Gómìnà tó gbé iṣẹ́ náà ṣe ni Quintus Lollius Urbicus, ọmọ Tiddis nítòsí Constantine ní ilẹ̀ Àlgéríà òde òní. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 142. Odi yìí gùn ní nǹkan bí kìlómítà 60, láti etí odò Forth dé Old Kilpatrick létí Clyde. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta, ó fẹ̀ ní nǹkan bí mítà 4.3, ilẹ̀ oníkoríko sì ni wọ́n mọ lé e. Yàrà rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 12 níbòmíràn. Níbí náà, ètò yí padà: ibùdó Balmuildy jẹ́ olókùúta, ó sì yọ apá olókùúta síta. Ìyẹn ń fi hàn pé odi olókùúta ni wọ́n ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé bodè Hadrian, wọ́n sì gé òkìtì Vallum ní ọ̀pọ̀ ibi kí èèyàn lè kọjá. Kò ju nǹkan bí ogún ọdún lọ tí wọ́n fi padà sẹ́yìn. Òkúta kan tó ní ọdún 158 lára fi hàn pé wọ́n ti ń tún odi Hadrian ṣe, nígbà tó sì fi máa di ọdún 160 sí 169, wọ́n ti fi odi Antoninus sílẹ̀.

Mo ń lọ sí Newcastle. Níbo ni kí n lọ kí n lè rí odi gidi? Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ti kó òkúta rẹ̀ lọ?

Wọ́n kó púpọ̀ lọ. Òkúta rẹ̀ wà lára ilé ìsìn Lanercost, lára ilé oko àti ọgbà ẹran. Jàǹbá tó burú jù ni ọ̀nà àwọn ológun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1751, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Jacobite ṣe sí ọba Brítéènì lọ́dún 1745. Wọ́n wó odi náà, wọ́n sì fi ṣe ìdí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Planetrees kù díẹ̀ nítorí pé William Hutton, tó fẹsẹ̀ rin odi náà lọ́dún 1801 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 78, bẹ onílẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró. John Clayton, akọ̀wé ìlú Newcastle, ra ilẹ̀ tó yí odi ká láti àwọn ọdún 1830 lọ, ó sì ní kí wọ́n to òkúta tó ti wó padà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí odi tí kò ní ẹfun láàárín òkúta rẹ̀, tí koríko sì bo orí rẹ̀, nítòsí Housesteads, òkúta Róòmù ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Clayton ló tò ó.

Ẹ lọ sí Chesters fún ilé ìwẹ̀ àti ìdí afárá. Ẹ lọ sí Housesteads fún ibùdó. Ẹ rin láti Willowford dé Birdoswald fún odi fúnra rẹ̀: ní Willowford, ẹ óò rí odi tóóró lórí ìpìlẹ̀ gbígbòòrò, àti ìdí afárá tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ nítorí pé odò Irthing ti sún kúrò níbẹ̀. Bàtà tó gbá ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀. Ẹ má ṣe gun orí odi, torí pé ìwúwo ẹsẹ̀ ń tú òkúta òkè, omi á sì ráyè wọlé. Láti oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá ni kí ẹ lọ, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ má ṣe tẹ̀ lé ara yín lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ kí koríko má baà kú, nítorí abẹ́ koríko yẹn ni ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn kò tíì hú wà.