Pláànù ilé Ìjẹ̀bú-Igbó kò ṣe é gbé wá sí Ṣágámù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀njíníà. Mo fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí Ṣágámù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi kọ́ irú rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin péré ni wọ́n gbẹ́. Bíríkìlà rẹ̀ ní pláànù yẹn náà lòun máa lò fún mi. Ṣé mo tún gbọ́dọ̀ náwó sórí àyẹ̀wò ilẹ̀?

Ìdáhùn: Mà, ẹ gbọ́dọ̀ ná an.

Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgó-Ìwòyè wà lórí àpáta àtayébáyé, ẹbí Olúmọ Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù, àpáta yẹn á máa rì lọ, iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun tí odò àti òkun kó jọ á sì bò ó. Òkúta ẹfun yìí ni wọ́n ń wa ní Ṣágámù fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ohun tó máa ń wà lórí rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù: amọ̀ tó gan ní ìpele ìpele, tó ń wú lójò, tó ń sún kì lẹ́ẹ̀rùn.

Mo ti rí púlọ́ọ̀tì kan tí wọ́n gbẹ́ kòtò méjì sí, kò ju ogún ìgbésẹ̀ síra. Ọ̀kan yọ yangí pupa tó le. Èkejì yọ amọ̀ eléérú tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì bí ẹ̀bà. Mo yí díẹ̀ nínú rẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó di okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò já: àmì pé ògidì amọ̀ ni.

Orí yangí, òpó kọ̀ọ̀kan lè ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. (Ẹ wo Erédò Sùngbọ́, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: inú yangí ni àwọn baba wa gbẹ́ ẹ sí, ó tó mítà 20 níbòmíràn, ògiri rẹ̀ ṣì dúró.) Orí amọ̀ yẹn, ó lè jẹ́ kọnkéré kan ṣoṣo onírin la máa tẹ́ bí ẹní sábẹ́ gbogbo ilé. Lákùrọ̀ ìhà Ìwọ́pìn, páìlì ni, ìyẹn òpó gígùn tí wọ́n ń rì wọlẹ̀, títí yóò fi kan iyanrìn líle.

Nítorí náà, kí wọ́n lu ihò wò níbi mẹ́ta ó kéré tán, lásìkò òjò tó bá ṣe é ṣe, kí ẹ lè rí ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ga dé. Kí ìwé àyẹ̀wò náà dé ọwọ́ ẹni tó ń ya ìpìlẹ̀ kó tó fa ìlà kankan.

Ẹ sì bi àbúrò yín: ṣé àpáta gan-an ni wọ́n bá ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin yẹn, àbí òkúta ńlá kan tó dá dúró nínú erùpẹ̀? Bí apá kan ilé bá gun òkúta, tí apá kejì gun erùpẹ̀, kó máa yẹ igun fèrèsé wò bóyá ògiri ń là.