Kí ni frejon, kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé e fún aládùúgbò ní Ọjọ́ Ẹtì Rere?

Ìbéèrè: A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Láfíàjì, ní Erékùṣù Èkó. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ bu abọ́ ẹ̀wà kan fún wa. Ẹ̀wà náà kúnná, ṣúgà wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ẹja aláta sì wà lórí rẹ̀. Mùsùlùmí ni wá. Ṣé a lè jẹ ẹ́? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, báwo ni wọ́n sì ń sè é?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ ẹ́, ẹ má fòyà. Frejon ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà, àgbọn, ṣúgà àti ẹja ni. Kò sí ẹran nínú rẹ̀, kò sí ọtí, kì í sì í ṣe oúnjẹ ẹbọ.

Àwọn Àgùdà ló gbé e wọ Èkó. Àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, tí wọ́n gbòmìnira tí wọ́n sì padà wálé. Lọ́dún 1835, àwọn ẹrú tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìtẹ̀ ní Bahia ní Bràsíìlì. Ìjọba ibẹ̀ fojú àwọn aláwọ̀ dúdú rí màbo lẹ́yìn náà, àti ẹni tó mọwọ́ mẹsẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, ọ̀pọ̀ sì wọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó ní 1851 tí òwò ẹrú ibẹ̀ sì kógbá sílé, ọkàn àwọn tó ń bọ̀ túbọ̀ balẹ̀. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà: Campos, Bámgbóṣé, Tòkunbọ̀, Igbóṣẹrẹ́. Ibẹ̀ lẹ ti ń rí ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé tó ń jẹ́ da Silva, Pereira tàbí Cardoso. Kátólíìkì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, débi pé Ìjọ Àgùdà ni Yorùbá ń pe Ìjọ Kátólíìkì títí dòní, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí wà láàrin wọn láti ilẹ̀. Ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní 1894: ọmọ Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, ló náwó sí i, João Baptista da Costa, kọ́lékọ́lé Àgùdà, ló kọ́ ọ. Torí náà, abọ́ tó wọ ilé yín yẹn kì í ṣe ohun àjèjì ládùúgbò náà.

Ní Bahia, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ̀wà oníwàrà àgbọn ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Feijão ni Potogí ń pe ẹ̀wà. Ẹnu Èkó ló sọ ọ́ di frejon. Ìdí tó fi bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì Rere kò ṣòro. Òfin Ìjọ ní kí Kátólíìkì tó ti pé ọdún 14 má jẹ ẹran lọ́jọ́ náà, kí ẹni tó wà láàrin ọdún 18 sí 59 sì jẹun kánú ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn máa jẹ, kó yáa jẹ́ ohun tó dúró nínú. Ẹja ló ń dípò ẹran; àwọn ilé mìíràn máa ń fi ìgbín aláta sí i.

Sísè rẹ̀ gba sùúrù ju owó lọ. Fún èèyàn mẹ́jọ, ẹ wá ife ẹ̀wà mẹ́rin, dúdú tàbí pupa, àti àgbọn ńlá mẹ́ta. Ẹ ṣa ẹ̀wà náà, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ tọ́ àgbọn kọ̀ọ̀kan wò kẹ́ ẹ tó rin ín, nítorí ẹyọ kan tó ti kan á ba gbogbo ìkòkò jẹ́. Ẹ fi ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ méjì fún àgbọn tẹ́ ẹ rin. Wàrà àkọ́kọ́ tó ki nìyẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ da ife omi mẹ́rin sórí pàǹtí rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un fún. Ìyẹn ni wàrà kejì.

Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi se ẹ̀wà náà títí tí yóò fi tẹ̀ pẹ̀tẹ̀ láàrin ìka méjì. Bí ṣúgà bá tètè wọ̀ ọ́, ẹ̀wà á lọ́ra láti rọ̀, iná tẹ́ ẹ dá á sì di àdánù. Ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì sẹ́ ẹ. Sísẹ́ yìí lọ̀pọ̀ ń fò, wọ́n á wá máa bi ara wọn pé kí ló ń ha ahọ́n: èèpo ẹ̀wà ni. Ẹ gbé e padà sórí iná díẹ̀ pẹ̀lú wàrà kejì, kẹ́ ẹ máa rò ó láìdáwọ́dúró fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bó bá jóná nísàlẹ̀, ẹ má ha ìdí ìkòkò. Ẹ rọra da ti òkè sínú ìkòkò mìíràn kí òórùn náà tó gbà á kan.

Ìgbẹ̀yìn ni wàrà àkọ́kọ́ ń wọlé, pẹ̀lú ìdajì ife ṣúgà (ẹ lè fi kún un), iyọ̀ táṣẹ́rẹ́ àti kànáfùrù mẹ́rin tàbí márùn-ún tẹ́ ẹ ti lọ̀. Ẹ má jẹ́ kó hó kùtùkùtù mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òróró àgbọn á yọ, á sì léfòó. Ẹ sọ̀ ọ́ nígbà tó bá rí bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, torí yóò tún ki sí i bó bá ti ń tutù. Ọbẹ̀ ata àti ẹja díndín ló ń tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá wọ́n gààrí gbígbẹ sórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn àdídùn pẹ̀lú ata lè dín ṣúgà kù, àmọ́ frejon tí kò ládùn rárá, ẹ̀wà lásán ni.

Ẹ má gbé èyí tó ṣẹ́ kù síta di ọjọ́ kejì. Àgbọn ń tètè kan nínú ooru. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi nǹkan sínú abọ́ ìyá náà kẹ́ ẹ tó dá a padà lọ́jọ́ ọ̀hún, kó má jẹ́ ẹran. Èso dára. Ẹran Iléyá lè dúró di ọjọ́ tirẹ̀.