Olùkọ́ físíìsì láti Ogbómọ̀ṣọ́ sí Sípéènì: ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Físíìsì ni mò ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ogbómọ̀ṣọ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mo ní B.Sc.(Ed), orúkọ mi sì wà lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Valencia, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, tó ń lo ètò ẹ̀kọ́ Ìlú Ọba, ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fídíò, wọ́n sì ní àwọn máa pè mí padà. Ajẹ́ǹtì kan ní Under G, àdúgbò kan nílùú wa níbí, ní kí n mú mílíọ̀nù mẹ́ta náírà wá, pé òun máa fi físà ìbẹ̀wò gbé mi wọlé, pé tí mo bá débẹ̀ tán, wọ́n á yí i sí ti iṣẹ́. Ọkọ mi àti ọmọ wa méjì ńkọ́? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ìyá Dámi, Ogbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn

Ìyá Dámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Físà ìbẹ̀wò tí ajẹ́ǹtì yẹn ń sọ, ti Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà), kò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́, kò sì fún èèyàn láyè láti gba iṣẹ́ olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gbé yín síwájú ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú irú físà bẹ́ẹ̀ ti rú òfin, òun ló sì máa sanwó ìtanràn tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá mọ iyì ara rẹ̀ kò ní dán an wò. Ní tiyín, tí ọjọ́ bá lé lórí físà náà, kì í ṣe Sípéènì nìkan ló máa mọ̀. Orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú Schengen, wọ́n sì jọ ń rí àkọsílẹ̀ ara wọn.

Ẹ̀yin ará Ogbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé. Àwọn èèyàn yín tó fìdí múlẹ̀ sí Gáànà, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, ìwé ìgbélùú ni ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáànà nígbà náà, béèrè lọ́wọ́ wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún ẹni tí kò ní in láti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá béèrè nínú ẹbí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àgbàlagbà tó bá wọn bọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe ajẹ́ǹtì. Wọ́n á fún yín ní àdéhùn iṣẹ́, wọ́n á wá fi ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ ìjọba Sípéènì láti gba àṣẹ pé kẹ́ ẹ wá gbé, kẹ́ ẹ sì ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ àjèjì, tí wọ́n ń pè ní Extranjería, ló ń gba ìwé náà. Lábẹ́ ètò tó wọ́pọ̀ jù, ilé-ẹ̀kọ́ ní láti fi hàn pé àwọn wá ọmọ ìlú tàbí ará Yúróòpù tó lè ṣe iṣẹ́ náà, àwọn kò rí. Ìgbà tí àṣẹ bá jáde ló kàn yín: oṣù kan lẹ ní láti gbé ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Sípéènì ní Èkó fún físà. Tẹ́ ẹ bá sì ti gúnlẹ̀, láàárín oṣù kan lẹ tún ní láti lọ tẹ̀ka fún káàdì ìgbélùú, èyí tí wọ́n ń pè ní TIE. Ẹsẹẹsẹ rẹ̀ kò yí padà: àṣẹ, lẹ́yìn náà físà, kẹ́ ẹ tó ronú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá pè yín padà, kẹ́ ẹ tó dé orí owó oṣù, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba irú àṣẹ yìí rí fún olùkọ́ tí kì í ṣe ará Yúróòpù, àti ta ni yóò san owó lọ́yà. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu gbo ọ̀rọ̀, ẹ ti rí èsì yín gbà. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra yín. Títí di ìparí ọdún 2020, olùkọ́ tó bá ti Ìlú Ọba wá kò nílò àṣẹ kankan. Àfi ìgbà tí orílẹ̀-èdè wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù tí àwọn náà di àjèjì. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ti mọ ọ̀nà iṣẹ́ ìwé yìí, oore ló sì jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Àwọn mìíràn kàn yíjú sí àwọn ará Ireland, tí kò nílò àṣẹ, ni.

Ohun tó lè mú kí wọ́n fara balẹ̀ tọ́jú ọ̀rọ̀ yín ni QTS, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti England. Láti oṣù kejì ọdún 2023 ni ọ̀nà ti ṣí fún olùkọ́ tó gboyè ní Nàìjíríà láti béèrè fún un láti ilé, láì tún lọ jókòó sí kíláàsì. Wọ́n fi ààlà sí tiwa o: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè, fún ọmọ ọdún 11 sí 16. Físíìsì yín bọ́ sí i pátápátá. (Ẹ̀yin olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń ka èyí, ilẹ̀kùn yẹn kò tíì gbà yín, ẹ máa wo ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lo ètò mìíràn.) Wọ́n máa fẹ́ lẹ́tà láti ọwọ́ TRCN pé kò sí àbàwọ́n lórí orúkọ yín. Orí gov.uk lẹ ti máa ṣe é fúnra yín. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ra QTS, irọ́ ló ń pa. QTS fúnra rẹ̀ kì í ṣe físà, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tó bá rí i lọ́wọ́ yín mọ̀ pé wàhálà òun ti dín kù.

Ohun tó ń dá àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ní Ọ̀yọ́ dúró jù ni orúkọ. Ìwé WAEC wà ní orúkọ bàbá ẹni, ti yunifásítì náà bẹ́ẹ̀, páspọ́ọ̀tù wá wà ní orúkọ ọkọ, ti TRCN wá so méjèèjì pọ̀. Níbí, a máa ń sọ pé "èmi náà ni," ó sì parí. Níbẹ̀, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n rí. Ẹ kó gbogbo ìwé yín sórí tábìlì ní alẹ́ òní, kẹ́ ẹ fi lẹ́tà wé lẹ́tà. Ibi tó bá ti yàtọ̀, ẹ lọ búra ní kóòtù, kẹ́ ẹ sì polówó ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn, kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gba òǹtẹ̀ ẹyọ kan lọ́wọ́ ara wọn, nítorí náà ìwé ẹ̀rí yín ní láti gba iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ kọjá ní Abùjá, kó dé iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Sípéènì. Lẹ́yìn náà ni ògbufọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí yóò sọ ọ́ di èdè Sípéènì. Ẹ fi ìwé ọlọ́pàá pé ẹ ò jẹ̀bi ẹ̀sùn kankan kún un, àti ìwé dókítà. Ẹ má gba ìwé ọlọ́pàá tètè jù o, kò ní pẹ́ tí àsìkò rẹ̀ á fi kọjá.

Owó. Ní ọdún 2025, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Sípéènì jẹ́ 1,184 yúrò, ìgbà 14 ni wọ́n sì ń san án lọ́dún. Olùkọ́ ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi wé ti Dubai tàbí Doha, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fúnni nílé gbé. Ní gúúsù Yúróòpù, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ilé, owó orí sì ń jáde kí owó tó dé ọwọ́ yín. Òfin ní kẹ́ ẹ fi owó oṣù kan sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Ó tún lè béèrè oṣù méjì sí i gẹ́gẹ́ bí ìdánilójú, ti oṣù àkọ́kọ́ sì ń dúró. Ìyẹn lè tó owó ilé oṣù mẹ́rin lójú kan náà, kí owó oṣù yín àkọ́kọ́ tó wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni kí mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn máa lọ. Bó bá jẹ́ owó nìkan lẹ ń lé, èmi ò ní sọ pé Valencia ni.

Ti bàbá Dámi àti àwọn ọmọ: ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ pé ètò wo ni wọ́n fẹ́ fi gba àṣẹ yín. Lábẹ́ èyí tó wọ́pọ̀, ẹ ó ti gbé ọdún kan níbẹ̀, kí ìwé yín sì ti di títúnṣe, kẹ́ ẹ tó lè béèrè fún wọn. Èyí tó wà fún òṣìṣẹ́ onímọ̀ gíga ń jẹ́ kí ẹbí bá yín lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ìwé ìgbéyàwó tí òfin mọ̀ ni wọ́n máa béèrè. Fọ́tò ìdána kò tó, káàdì ìkésíni kò tó. Tí ṣọ́ọ̀ṣì yín kò bá ní àṣẹ láti fún yín ní ìwé náà, ẹ lọ ṣe é ní rẹ́jísírì ìjọba ìbílẹ̀. Ti àwọn ọmọ, ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ National Population Commission ni, kì í ṣe èyí tí ilé ìwòsàn fún yín.

Ó ku iṣẹ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má kàn pòórá. Ẹ kọ̀wé sí TESCOM, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ olùkọ́ girama ní ìpínlẹ̀ yín, fún ìsinmi aláìgbowó, kẹ́ ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Àwọn ará Valencia máa kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín láti béèrè irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́ pẹ̀lú ọmọdé, wọn ò sì ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ọ̀gá tẹ́ ẹ sá fún ní àárín táàmù, kí ló fẹ́ kọ? Ẹ lọ bá wọn láti ìsinsìnyí, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ìwé kan ń bọ̀, kí wọ́n fèsì lórí ìwé tó ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ilé-ẹ̀kọ́, torí ọ̀pọ̀ wọn ní òkè òkun kì í ka lẹ́tà tó bá kàn wá láti Gmail lásán sí.