Ẹ Bi Wá: Kíkó Owó Ẹgbẹ́ Láti Excel Wọ Dátábéèsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí n'Ìbàdàn. Ọdún mẹ́fà la ti ń kọ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sínú Excel, orúkọ lápá òsì, oṣù kọ̀ọ̀kan ní kọ́lọ́ọ̀mù tiẹ̀. Àbúrò mi wá gbé dátábéèsì kan tó ń jẹ́ PostgreSQL kalẹ̀ fún wa, ó ní ká kó gbogbo ẹ̀ wọbẹ̀. Dátábéèsì náà kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, ìgbà tó wá gbà, òdo iwájú nọ́mbà fóònù ti lọ, owó tó wà níbẹ̀ sì ju ti Excel lọ. Ibo ni mo ti ṣe àṣìṣe?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú làálàá. Owó olówó lẹ gbé dání yìí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ da ṣíìtì yẹn tààrà sínú tábìlì tẹ́ ẹ máa lò. Ẹ kọ́kọ́ ṣe tábìlì kan tó máa gbà á lálejò, kí gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀ jẹ́ text (ọ̀rọ̀ lásán), owó o, ọjọ́ o, text ni gbogbo ẹ̀. Ìdí tó fi kọ̀ fún yín lákọ̀ọ́kọ́ ò ju pé ẹnì kan á ti kọ "₦5,000" tàbí "ó san ààbọ̀" síbi tí tábìlì ti ń retí nọ́mbà. Text á gba gbogbo ẹ̀ wọlé, ibẹ̀ lẹ ti máa fọ̀ ọ́, ẹ ó yọ ₦ àti kọ́mà kúrò, kẹ́ ẹ tó wá sọ owó di numeric (nọ́mbà tó máa ń pé pérépéré). Ẹ má fi owó sí float (irú nọ́mbà tó máa ń fojú bù ú) o, kò lè kọ 0.10 kó pé pérépéré.

Ti òdo yẹn, Excel ló jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ 080 àti ìyókù ẹ̀, ó rò pé nọ́mbà ìṣirò ni, òdo iwájú ò sì já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro nọ́mbà fóònù pọ̀ mọ́ra wọn? Fóònù, àkáǹtì báǹkì, BVN, bí orúkọ ni gbogbo wọn ṣe rí, text ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí títí dé tábìlì ìkẹyìn. Èyí tó ku díjíìtì 10, àṣẹ lpad(foonu, 11, '0') nínú dátábéèsì á dá òdo ẹ̀ padà. Èyí tó le ni tàwọn tó fi 234 ṣáájú, díjíìtì 13 nìyẹn, Excel á gé e kúrú lójú sí 2.34803E+12, tẹ́ ẹ bá sì séèfù ẹ̀ sí CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ń pín, òun ni dátábéèsì máa ń gbà), ohun tó hàn lójú yẹn náà ló máa kọ síbẹ̀, ìyókù ti lọ nìyẹn. Inú fáìlì Excel gan-an ló ṣì pé sí, torí náà ẹ má pa á rẹ́ láéláé, ẹ padà síbẹ̀, ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù yẹn di Number tí ò ní dẹ́símà kẹ́ ẹ tó séèfù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo CSV náà, Notepad ni kẹ́ ẹ fi ṣí i.

Owó tó pọ̀ jù ńkọ́? Ẹ lọ wo ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ibi tẹ́ ẹ kọ "Àpapọ̀" sí. Dátábéèsì ò mọ̀ pé àpapọ̀ ni, ọmọ ẹgbẹ́ kan tó lówó gan-an ló pè é, ó sì ro owó ẹ̀ mọ́ ti gbogbo èèyàn. Ẹ yọ ọ́.

Oṣù tẹ́ ẹ wá tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yẹn, kọ́lọ́ọ̀mù 72 lọ́dún mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ dé dátábéèsì bẹ́ẹ̀. Ìlà kan fún owó kan tẹ́nì kan san lóṣù kan, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Power Query inú Excel sì ní Unpivot tó máa sọ kọ́lọ́ọ̀mù oṣù di ìlà fún yín lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ á wà ní tábìlì tiẹ̀, owó á wà ní tiẹ̀, nọ́mbà ọmọ ẹgbẹ́ ló máa so wọ́n pọ̀. Ẹ má fi orúkọ so wọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ìyá Bọ́lá, Màmá Bọ́lá, Alhaja Ìyá Bọ́lá, ẹnì kan náà lè ni gbogbo wọn, Ìyá Bọ́lá méjì sì lè wà tí wọn ò bára wọn tan. Kọ̀ǹpútà ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n, ẹ jókòó ti ìwé yín, kẹ́ ẹ fún kálukú ní nọ́mbà.

Kẹ́ ẹ tó gbà pé ó ti parí, ẹ ka ìlà tó wà ní Excel lẹ́yìn Unpivot, ẹ ka tinú dátábéèsì, ẹ ro owó oṣù kọ̀ọ̀kan lápá méjèèjì. Lọ́dún 2020, èèyàn 15,841 tó ní kòrónà ni ò wọ ìṣirò ojoojúmọ́ ní England fún bí ọ̀sẹ̀ kan, torí fáìlì Excel àtijọ́ (xls) ni wọ́n ń kó èsì àyẹ̀wò sí, ìlà 65,536 péré ló sì ń gbà, èyí tó lé ò wọlé, ẹnikẹ́ni ò sì tètè mọ̀. Torí náà àṣẹ BEGIN ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nínú dátábéèsì, tó bá bára mu kẹ́ ẹ COMMIT kó lè dúró síbẹ̀, tí ò bá bára mu kẹ́ ẹ ROLLBACK, gbogbo ẹ̀ á padà sí bó ṣe wà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí Ṣ àti ẹ inú Ṣẹ́gun ń di ? tí mo bá séèfù sí CSV?

Ìdáhùn: Ó dùn mí tí mo bá rí orúkọ wa báyìí. "CSV UTF-8" ni kẹ́ ẹ yàn nígbà tẹ́ ẹ bá ń séèfù, CSV lásán ò ní ṣ, ẹ àti ọ nínú lẹ́tà tó mọ̀. Nǹkan mìíì tún wà níbẹ̀ o: kíbọ́ọ̀dù kan lè tẹ ẹ gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, òmíràn á tẹ e kó tó fi àmì sábẹ́ ẹ̀, lójú wa ọ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wá Ṣẹ́gun, ẹ lè rí ìdajì wọn kẹ́ ẹ má rí ìdajì. Láti PostgreSQL 13 wá, àṣẹ normalize(oruko, NFC) á sọ méjèèjì di ìkan, inú tábìlì àlejò yẹn náà sì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.