Kí ẹ tó lọ sí Koguva ní erékùṣù Muhu

Ẹni tó béèrè bóyá ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti ti Tallinn, olú ìlú Estonia, lọ wo Koguva, abúlé àgbẹ̀ àtijọ́ tó wà ní erékùṣù Muhu lórílẹ̀-èdè náà, láìní mọ́tò: ó tó, bí ẹ bá tètè jí. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Kuressaare, ìlú tó wà ní Saaremaa, erékùṣù tó múlé gbe Muhu. Bọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ló máa wọ inú fẹ́rì ní èbúté Virtsu, fẹ́rì á gbé e dé Kuivastu, èbúté Muhu, láàárín bí ìdajì wákàtí, ẹ ó sì sọ̀ ní Liiva, abúlé kan láàárín Muhu. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń há sí. Láti Liiva dé Koguva, ìrìn ẹsẹ̀ lè tó wákàtí méjì, bọ́ọ̀sì abẹ́lé kò sì pọ̀, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì àbọ̀ kí ẹ tó wo ti àlọ, tàbí kí ẹ ti ṣètò takisí tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni mo fara mọ́, torí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ ra oúnjẹ àti omi ní Liiva.

Ẹni tó bá ní mọ́tò, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́rì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bó bá jẹ́ àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìyẹn oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ. Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó dà bíi pé gbogbo Tallinn ló ń lọ sí erékùṣù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn ló ń padà. Láti Kuivastu, ẹ gba títì Kuressaare, kí ẹ sì yà sọ́tùn-ún níbi àmì Koguva. Bí ẹ bá ti rí òkun lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ ti kọjá ibẹ̀ nìyẹn: ẹ ti wà lórí ọ̀nà tí wọ́n kó òkúta dí òkun ṣe, tó so Muhu mọ́ Saaremaa láti 1896.

Wọn ò tú ilé láti ibòmíràn wá tò jọ sí Koguva. Ojú ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan wà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ti àárín ọ̀rúndún 18 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Ní 1532, Wolter von Plettenberg, olórí ẹgbẹ́ jagunjagun Livonia, bí wọ́n ṣe ń pe agbègbè náà nígbà yẹn, fún àgbẹ̀ ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Hansken ní ìwé òmìnira, tòun tàtọmọdọ́mọ rẹ̀. Ìdílé yẹn náà ni Juhan Smuul, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1922, ti wá. Agbo ilé bàbá rẹ̀, Tooma, ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Mùsíọ́mù ni Tooma, ilé ìwé àtijọ́ náà jẹ́ mùsíọ́mù, bẹ́ẹ̀ sì ni agbo ilé Välja tí àfihàn aṣọ wà. Àwọn ilé yòókù, ilé onílé ni. Èèyàn ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń gbin ọ̀dùnkún. Ẹ dúró lójú ọ̀nà kí ẹ ya fọ́tò yín. Ẹ má ṣí géètì kankan tí kò ní àmì mùsíọ́mù. Ẹ má sì gun ògiri òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bó ti wù kó rí bí ìjókòó tó. Kò sí sìmẹ́ńtì tàbí amọ̀ láàárín àwọn òkúta yẹn. Ìwọ̀n ara wọn ló dì wọ́n mú, ọ̀kan péré bá yẹ̀, apá kan á dà wó.

Ní Tooma, ẹ má kánjú jáde nínú ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní rehielamu. Ilé gbígbé ni, ibi tí wọ́n ti ń mú ọkà gbẹ ni, ilẹ̀ ìpakà ni, lábẹ́ òrùlé kan náà. Ẹnu ọ̀nà kúrú, àtẹ̀wọlé ga, kí ooru má bàa jáde: ẹ tẹ orí ba, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ dúró díẹ̀ kí ojú yín mọ òkùnkùn. Ààrò tí wọ́n fi òkúta mọ ni ẹ ó wá, kí ẹ sì wòkè. Ọ̀pá gbọọrọ ló dá bùú lókè níbẹ̀. Orí wọn ni wọ́n ń to ìtí ọkà sí, torí ìkórè ibẹ̀ máa ń bọ́ sígbà òjò àti òtútù, oòrùn ò lè gbẹ ẹ, ọkà tútù á sì hu èbu. Wọ́n á dáná fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ooru àti èéfín á gbẹ ìtí, wọ́n á wá kó wọn lọ sílẹ̀ ìpakà, wọ́n á fi igi lù wọ́n. Láyé àtijọ́, ààrò yẹn kò ní ojú èéfín. Ẹnu ọ̀nà ni èéfín ń gbà jáde. Koríko gbígbẹ lórí iná, lábẹ́ òrùlé koríko: ẹ rò ó wò bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iná náà lóru.

Èéfín yẹn ló tún ń gbẹ òrùlé láti inú, tó ń lé kòkòrò. Ẹni tó mọ bẹẹrẹ, koríko tí wọ́n fi ń bo ilé l'Ọ̀yọ́, á fẹ́ fi òrùlé wọn wé e. Ìféefé etí òkun ni tiwọn, ó le ju bẹẹrẹ lọ. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń gé e, nígbà tí ewé rẹ̀ ti wọ́, tí omi sì ti dì tó èèyàn í rìn lé.

Ní Välja, ẹ sún mọ́ bàtà obìnrin tí wọ́n kó òdòdó olówùú sí lára, kí ẹ wo bí òwú ṣe sún mọ́ra. Pínkì tó ń tàn yẹn kì í ṣe aró ewé. Aró ilé iṣẹ́ ló gbé e dé.

Wákàtí méjì sí mẹ́ta tó fún gbogbo rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún sí Ìkẹsàn-án ni kí ẹ lọ. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ yẹ ọjọ́ tí mùsíọ́mù ń ṣí wò kí ẹ tó gbéra.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í sọ ni eégbọn. Ó wà nínú koríko gíga, ó sì ń gbé àrùn Lyme, àrùn bakitéríà tó sábà máa ń mú ojú ara pọ́n, àti àrùn ọpọlọ kan kiri. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ti ọpọlọ, àmọ́ ó ju ẹyọ kan lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Kò sí èyí tí ẹ lè rà fún Lyme. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀. Lálẹ́, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ẹ̀yìn etí wò. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti wọ awọ gan-an, ẹ fà á jáde tààrà. Ẹ má fi òróró tàbí iná sí i. Bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n, tí pípọ́n náà sì ń gbòòrò, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ti délé, ẹ lọ bá dókítà, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ dé Estonia.