Ìpéǹpéjú ìyá mi ti wọ́ sílẹ̀, àtọ̀gbẹ sì wà lára wọn

Ìbéèrè: Ọ̀ffà ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá mi Àlàájà, ẹni ọdún 68, ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tipẹ́. Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ojú ọ̀tún wọn ti dẹ̀, inú rẹ̀ yọ pupa síta, omi sì ń dà níbẹ̀ ṣáá. Dókítà ojú ní Ìlọrin ní iṣẹ́ abẹ ni. Ṣé egbò alátọ̀gbẹ máa ń jiná?

Ìdáhùn: Ó ń jiná, bí ṣúgà bá ti wà níjàánu. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní ìpéǹpéjú, egbò ibẹ̀ kì í pẹ́ bíi ti ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò HbA1c, tó ń fi hàn bí ṣúgà ti rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bó bá ju 8.5% lọ, ọ̀pọ̀ dókítà á ní kí ẹ lọ mú un wálẹ̀ ná. Bí ṣúgà bá ga, ara kì í lè bá kòkòrò jà; egbò á kó ọyún, òwú á já, ìpéǹpéjú á tún wọ́.

Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn fi í falẹ̀ títí ọyẹ́ á fi dé. Àtọ̀gbẹ lè mú kí ojú má mọ ìrora mọ́: iwájú ẹyinjú á gbẹ, á bó, Àlàájà ò sì ní mọ̀. Ẹ bèèrè oògùn ìkunra ojú tí wọn á máa lò lálẹ́.

Àlàájà ò ní sùn fún iṣẹ́ náà, abẹ́rẹ́ ni dókítà á fi mú kí ibẹ̀ kú, kó má bàa dùn wọ́n. Nítorí náà, aláìsàn sábà máa ń jẹun, á sì lo oògùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ ínsúlínì, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà. Dókítà á la igun ojú tó kọjú sí etí, á tú ìpéǹpéjú níbi tó so mọ́, á gé èyí tó gùn jù, á wá rán an mọ́ egungun ihò ojú. Apá inú egungun náà ni kó rán an mọ́ o. Bó bá rán an mọ́ iwájú rẹ̀, ìpéǹpéjú ò ní fara mọ́ ẹyinjú, omi á sì máa dà lọ.

Wọ́n sábà máa ń yọ òwú ara láàárín ọjọ́ 5 sí 7. Kí Àlàájà jókòó kírun ní ọ̀sẹ̀ yẹn, torí orí tó dorí kodò lè mú ẹ̀jẹ̀ ya. Kí omi àlùwàlá má kan ojú egbò. Ẹ bi álífà yín bí wọn á ṣe ṣe é. Tìróò, rárá. Bí ojú bá ń ro wọ́n gan-an tó sì ń ṣókùnkùn, ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà ni, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n bá ń lo ásípírìn, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹni tó kọ ọ́ fún wọn ni kó sọ. Ní báyìí, tí wọ́n bá ń nu omijé, kí wọ́n nù ún sókè, síhà imú. Nínù wálẹ̀ ló ń fa ìpéǹpéjú náà gùn sí i.